Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Nípa Fíìmù Kan

Èsítà Bọ́sẹ̀dé Àdùkẹ́. Ọmọ Owé nílé baba, ọmọ Bùnù nílé ìyá. Ọmọ ahunṣọ tí òwú pupa ń pa lọ́wọ́ bí ẹni tó po osùn. Ọmọ olóko ẹsẹ̀ òkè tí iṣu rẹ̀ ń fa ebè ya. Àdùkẹ́ tí í kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Àdùkẹ́ tí í dá ẹni tí gbogbo ayé dá lẹ́bi láre. Ìyá Fúnmiláyọ̀, ìyá Dèjì, ìyàwó Josẹ́fù kápẹ́ńtà tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, tó tẹ̀lé mi wáyé tí ẹnikẹ́ni kò wà láàárín wa.

Mò ń kọ èyí nítorí pé Ràmátù ará Ìsánlú ní kí n kọ ọ́. Ó ní bí mi ò bá kọ ọ́, n óò máa sọ ọ́ fún ara mi títí yóò fi bàjẹ́ lẹ́nu mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ má wo bí mo ṣe ń to ọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ tó kù, ojú títì ni mo ti kọ́ ọ, níbi tí èmi àti Dáre ọ̀rẹ́ mi ti jọ ń da ọ̀dà láti Kàbà dé Ìyàrá nígbà tí eegun wa ṣì le.

Ọdún keje rèé tí mo ti wà ní ìlú òtútù yìí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ìwé mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń bú wọn. Táyọ̀ ọmọ mi ló ní kí n wá, lẹ́yìn tí Rúùtù ìyá rẹ̀ kú, kí n má baà dá gbé. Ọdún kan àti ààbọ̀ la fi wà pọ̀. Iṣẹ́ gbé e lọ sí ìlú mìíràn, ó wá ku èmi nínú yàrá kan, èmi, àga kan, àti fóònù. Kí n má baà dá gbé ni mo ṣe kúrò ní Kàbà o.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbí kì í ṣe òtútù. Òtútù, èèyàn á wọ aṣọ sí i. Àìkíni ni. Lọ́dọ̀ tiwa, okun là ń kí ara wa. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, okun. Ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ lábẹ́ igi kọfí, okun. Ẹni tó ti oko dé, okun. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú, okun náà ni, a kàn máa ń fa ohùn sílẹ̀ díẹ̀ ni. Ọjọ́ kejì tí mo débí, mo rí ọkùnrin kan tó ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo ní, "Okun o!" Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá wí. Mo tún kí i lọ́jọ́ kejì rẹ̀, mo kí i lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, bó ṣe rí mi lọ́ọ̀ọ́kán ló wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo rọra kọjá bí ẹni tó jí nǹkan.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ilé àwọn arúgbó ni, nínú kíṣìnì. Àwo ni mò ń fọ̀. Ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́ gan-an, èmi ni mò ń tò ó wọlé, èmi ni mò ń kó o jáde nígbà tó ṣì gbóná tó lè bó èèyàn lọ́wọ́. Ìrẹ́nà lorúkọ ọ̀gá wa níbẹ̀, òun náà kì í ṣe ọmọ ìlú. Ìyá arúgbó kan wà tó ń jẹ́ Hẹ́lẹ́nì, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ó lé, tó máa ń pè mí ní ọ̀dọ́mọkùnrin. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí. Nígbà tí mo sọ fún Bọ́sẹ̀dé lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín débi pé fóònù já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì ń gbọ́ ọ nílẹ̀ tó ń pariwo pé, "Ọ̀dọ́mọkùnrin! Ẹ fún un níyàwó!"

Mo kọ́ Màmá Hẹ́lẹ́nì ní okun. Oṣù méjì ló gbà. Ó ń pè é bí ẹni tó ń pe òkun ńlá, ṣùgbọ́n láràárọ̀, tí mo bá ti gbé tíréè rẹ̀ dé, òun ló ń kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹ lè rò pé nǹkan kékeré ni. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́, mo padà sínú kíṣìnì, mo dúró ti ẹ̀rọ náà, mi ò lè to àwo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ fíìmù ṣe wọlé. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, lábẹ́ Àríwá ni wọ́n ti ń ṣàkóso wa. Mọ́tò ìjọba kan máa ń wá láti òkè lọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Wọ́n á ta aṣọ funfun sórí pápá bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á fi àwòrán tó ń rìn hàn wá, bí a ṣe ń fọ ọwọ́ ká tó jẹun, bí a ṣe ń da oògùn sí ẹ̀pà. Haúsá ni ọkùnrin inú mọ́tò náà ń sọ, májìgí ló ń pè é, àwa náà ń pè é ní májìgí. Lọ́dún tí Bọ́sẹ̀dé pé bí ọmọ ọdún mẹ́fà, iwájú aṣọ ti kún. Ó gba ẹ̀yìn lọ, ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ewúrẹ́. Àwòrán ń hàn níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó yí padà.

Nígbà tí a délé, ó ní, "Bàbá, gbogbo àwọn èèyàn yẹn, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń jẹun."

Mo ní irọ́ ni, ọwọ́ ọ̀tún ni. Ó ní òsì. Mo gbá a lórí. Bàbá pe àwa méjèèjì síwájú. Ó bi mí, mo ní ọ̀tún. Ó bi í, ó ní òsì, omi ń dà lójú ẹ̀. Bàbá ní, "Ó yé mi. Ẹ̀yin méjèèjì ò dé ibẹ̀." Ó nà wá dọ́gbadọ́gba. A ti dàgbà, a ti bímọ, kí ó tó jáde lẹ́nu rẹ̀ pé ẹ̀yìn aṣọ lòun jókòó sí, níbi tí ọ̀tún ti ń di òsì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ nígbà náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bi mí."

Nígbà tí mo ti wà níbí bí ọdún méjì, tí kò sí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ju ẹ̀rọ àwo lọ, Bọ́sẹ̀dé ló dá gúrúùpù sílẹ̀ lórí fóònù. Ó pè é ní Májìgí. Èmi àti òun àti Dáre Ìyàrá la kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ràmátù ṣèèṣì bọ́ sínú rẹ̀ ni. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ fi í sí gúrúùpù ẹbí wọn, ó sì fún Fúnmiláyọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní nọ́ńbà ìyá ọkọ rẹ̀ pé kó bá òun ṣe é, fóònù ìyá rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ Fúnmi, ó sì fi í sí tiwa. Bó ṣe wọlé, à ń bá ara wa jà lórí fíìmù kan nípa ìyàwó bàbá tó ń fìyà jẹ ọmọ ọkọ. Kò kí wa, kò béèrè ibi tó wà. Ó kàn kọ ọ́ pé, "Èmi náà wò ó. Obìnrin yẹn ò ní rí ojú Ọlọ́run." Láti ọjọ́ náà ló ti di tiwa. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀, Ìmàle ni, Alhájà là ń pè é. Kò sẹ́ni tó tíì fojú kàn án rí nínú wa.

Lórí fíìmù náà, Dáre ní, "Kí wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, kí wọ́n sọ kọ́kọ́rọ́ nù."

Bọ́sẹ̀dé ní, "Ta ló ń fọ aṣọ ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù? Ẹ wo ọrùn aṣọ ẹ̀, ó mọ́ fínífíní. Ẹni tó ń fọ aṣọ báyẹn, ìkà rẹ̀ mọ níwọ̀n."

"Ìyá Fúnmi, o ti tún bẹ̀rẹ̀!"

"Mo ti tún bẹ̀rẹ̀. Ìwọ Dáre, ṣé o fọ aṣọ ọmọ rẹ kankan rí?"

Alhájà ní, "Ó ti dákẹ́. Ẹ wo bó ṣe dákẹ́."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. A óò fẹnu kò sórí fíìmù kan lọ́jọ́ Ajé, oníkálukú á wò ó níbi tó bá ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó bá di Ọjọ́rú a óò máa sọ̀rọ̀ lé e lórí. Tí iná bá lọ ní Kàbà, Bọ́sẹ̀dé á gbé fóònù lọ sí ṣọ́ọ̀bù onírun tó ní jẹnẹrétọ̀, á jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ gbígbẹ irun tí kò fi gbẹ nǹkan kan. Èmi, ìgbà ìsinmi ọ̀sán ni mo máa ń kà á. Ìrẹ́nà á rí mi tí mò ń dá rẹ́rìn-ín lórí àga, á ní kí ló dé. Mi ò ní èdè tí n óò fi sọ fún un pé Dáre sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ nípa ọba inú fíìmù.

Dáre ló mú géèmù wá. Géèmù oko ni. Èèyàn á gbin nǹkan, á bomi rin ín, á ká a, aládùúgbò rẹ̀ náà sì lè wọlé wá bá a bomi rin ín. Gbogbo wa la gbà á sórí fóònù. Kò sí iṣu níbẹ̀. Kò sí ebè. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì.

Dáre ní, "Mo ti ká àgbàdo lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ yìí!"

Bọ́sẹ̀dé ní, "Àgbàdo ìṣẹ́jú márùn-ún. Òjò ò pa á, ọ̀yà ò jẹ ẹ́. Irú àgbàdo wo nìyẹn? Èmi ò ní ká tèmi, mo fẹ́ kó gbẹ sórí ìdúró. Mo fẹ́ mú irúgbìn níbẹ̀."

"Kò sí irúgbìn nínú géèmù, Ìyá Fúnmi. Rírà ni wọ́n ń rà á."

"Ẹni tó ṣe géèmù yẹn ò dé oko rí nìyẹn. Kí wọ́n wá bá mi ní Kàbà, kí n fún wọn ní irúgbìn korobá kan."

Ẹ óò rẹ́rìn-ín sí mi, ṣùgbọ́n mo máa ń ronú sí oko inú fóònù yẹn. Oko mi gan-an, tó wà lẹ́sẹ̀ òkè, Jákọ́bù ọmọ àbúrò bàbá mi ló ń dá a báyìí. Kò gbà á lọ́wọ́ mi, èmi ni mo fi lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi ọmọdé kan lónìí pé ta ló ni ibẹ̀, Jákọ́bù lá dárúkọ. Yàrá tí mò ń gbé níbí, ẹlòmíràn ló ni ín. Níbi iṣẹ́, nọ́ńbà ló wà lára àpótí tí mò ń kó bàtà sí. Nínú géèmù, pátákó kékeré kan wà lẹ́nu oko tí wọ́n kọ orúkọ mi sí, tí oko Bọ́sẹ̀dé sì wà lápá ọ̀tún mi, bí ilé bàbá wa ṣe tò wá. Ibi kan ṣoṣo nìyẹn láyé yìí tí àlejò lè dé tí yóò ka orúkọ mi.

Ó wá di ọjọ́ kan, lẹ́yìn ọdún tuntun. Bọ́sẹ̀dé ló mú fíìmù ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó jẹ́ nípa obìnrin kan tí àìsàn tí kò gbóògùn ń ṣe, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo wà nínú ọkọ̀ ojú omi, tó ń ṣiṣẹ́ lójú òkun jíjìn. Obìnrin náà kò sọ fún un. Ó ń kọ lẹ́tà sí i nípa ewúrẹ́, nípa òjò, títí fíìmù fi parí.

Alhájà ní kò dára, ẹ̀tọ́ ọmọ ìyá ni kó mọ̀. Dáre ní òun ò lè dá sí i, ẹkún ti gba ojú òun. Bọ́sẹ̀dé kò sọ ti ẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó kàn kọ ọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ó yẹ kó sọ fún un?"

Ọ̀sán ni. Àwo ọ̀sán ti kún dé ojú fèrèsé, ẹni kejì mi kò wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, Ìrẹ́nà ti ń pè mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo fi àtàǹpàkò tó tutù tẹ̀ ẹ́ kíákíá. Ohun tí mo tẹ̀ rèé, ó ṣì wà níbẹ̀: "Kò yẹ kó sọ. Kí ló fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣe? Kó fò sínú omi? Ẹni tí kò lè wá, kí wọ́n jẹ́ kó ráyè ṣiṣẹ́ ẹ̀. Fíìmù náà gùn jù pẹ̀lú." Mo tún tẹ̀ ẹ́ sí i pé, "Mò ń lọ fọ àwo."

Ó dáhùn. Ó ní, "Okun, Ẹ̀gbọ́n."

Mo rò pé iṣẹ́ ló kí mi kú. Mo fi fóònù sápò, mo lọ fọ àwo.

Láti ìgbà náà, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù díẹ̀díẹ̀, bí omi inú ìkòkò tó ń jò. Ó ń pẹ́ kó tó dáhùn. Tí mo bá pè é, ohùn rẹ̀ á tín-ín-rín. Ó ní ọyẹ́ ni. Mo ní kó jẹ́ kí n rí ojú ẹ̀. Ó ní kámẹ́rà fóònù òun ti fọ́, ewúrẹ́ Dèjì ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo ní kí Dèjì ra òmíràn fún un. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ wò lójú arúgbó?"

Nínú géèmù, oko rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Mo rí i láti oko tèmi. Àgbàdo rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n, ó wá di bí ewé tábà. Mo kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé, "Bọ́sẹ̀dé, ọ̀lẹ ti wọ̀ ọ́ lára. Oko rẹ ń tì mí lójú lọ́dọ̀ aládùúgbò."

Ó ní, "Ẹ bá mi bomi rin ín, Ẹ̀gbọ́n."

Mò ń bomi rin ín. Lójoojúmọ́, nígbà ìsinmi ọ̀sán, kí n tó jẹun, n óò wọ oko àbúrò mi, n óò fi ìka tẹ ewé kọ̀ọ̀kan títí yóò fi tutù. Mo fi oṣù kan ó lé ṣe é. Inú mi ń dùn. Mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan wá wà tí a wo fíìmù ọmọ ìyá méjì tó ń jà nítorí ẹ̀rọ ìlọta. Dáre kọ ọ́ pé, "Ìgbéyàwó ìparí yẹn dùn mọ́ mi."

Mo ní, "Ìgbéyàwó wo? Ilé ló jó níparí!"

Alhájà ní, "Kí ilé tó jó ni, Bàbá Táyọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ṣègbéyàwó."

"Kò sí ìgbéyàwó kankan nínú fíìmù yẹn, Alhájà. Kí ló ń ṣe yín? Ṣé ẹ wò ó?"

Ọ̀rọ̀ Bọ́sẹ̀dé ló wá wọlé: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣègbéyàwó, Ẹ̀gbọ́n. Ta ló pa lára?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín gan-an lọ́jọ́ náà, tí Ìrẹ́nà fi wá wò mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Dáre pè mí. Dáre kì í pè, ó ní pípè ń jẹ dátà. Mo wà lẹ́yìn kíṣìnì, níbi tí wọ́n ń kó páálí sí. Mo gbé e, mo ní, "Ta lo fẹ́ bú báyìí?"

Ó ní, "Okun o." Ó fa ohùn náà sílẹ̀.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ wa kò nílò kí wọ́n tún sọ òmíràn. Mo jókòó sórí páálí. Mo bi í pé ta ni, bẹ́ẹ̀ mo ti mọ̀.

Ó ní, "Bọ́sẹ̀dé. Láàárọ̀ yìí. Alhájà ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀."

"Alhájà wo?"

"Alhájà tiwa. Ó ti wà ní Kàbà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Bí mo ṣe wá mọ̀ nìyẹn. Kí ọdún tuntun tó dé ni àwọn dókítà ti sọ fún Bọ́sẹ̀dé pé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí àìsàn inú rẹ̀ mọ́. Ó sọ fún Fúnmi àti Dèjì, ó sọ fún Dáre, ó sọ fún Ràmátù. Ràmátù tí a ò tíì rí rí wọ mọ́tò láti Ìsánlú, ó wá tọ́jú rẹ̀, obìnrin tó ṣèèṣì bọ́ sínú gúrúùpù wa. Ọjọ́ ìgbéyàwó tí kò sí yẹn, inú wọ́ọ̀dù làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Wọn ò wo fíìmù kankan. Wọ́n kàn ń sọ ohun tó bá wá sí wọn lẹ́nu, kí n má baà fura, Ràmátù ló sì ń bá a tẹ̀ ẹ́, òun ń sọ ọ́.

Mo ní, "Dáre. Ogójì ọdún lèmi àti ìwọ. Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Ó ń sunkún. Ó ní, "Mo fẹ́ sọ. Alhájà fẹ́ sọ. Fúnmi ti ń tẹ nọ́ńbà rẹ lọ́jọ́ kan. Bọ́sẹ̀dé gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, ó ṣí ibi tí o kọ ọ́ sí, ó fi hàn wá. Ó ní òun ti bi ọ́, o sì ti dáhùn. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n òun lòun ń tẹ̀lé."

Mo ní, "Fíìmù ni! Dáre, fíìmù ni mo sọ̀rọ̀ lé lórí!"

Ó ní, "Mo mọ̀."

Nígbà tí Bọ́sẹ̀dé kọ okun sí mi lọ́jọ́ fíìmù náà, kì í ṣe iṣẹ́ ló kí mi kú. Ó ń kí mi kú ọ̀fọ̀ ara rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé ó fi ohùn sọ ọ́ ni, n óò gbọ́ ọ. Ọmọ Owé wo ni kò ní gbọ́ ọ? Ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́rin ni, a tẹ̀ ẹ́, kò ní ohùn. Èmi sì jẹ́ ọkùnrin tó ń sáré lọ fọ àwo.

Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé ó sọ fún mi, kí ni n óò ṣe? Mi ò mọ̀. Bóyá n óò kàn máa sunkún sí i létí. Bóyá ohun tí mo tẹ̀ yẹn, òótọ́ ni. Èyí ló ń dùn mí jù.

Páspọ́ọ̀tù mi wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí ìwé àlejò. Èmi fúnra mi ni mo fi í ránṣẹ́, oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, kí wọ́n lè bá mi tún ìwé ìgbélùú ṣe. Lọ́jọ́rú, mo lọ bá wọn. Obìnrin tí mo bá níbẹ̀ kò yájú sí mi. Ó gbọ́ mi tán, ó ní òun bá mi kẹ́dùn. Ó ní mo lè kọ̀wé pé kí wọ́n dá a padà, yóò gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo èyí tí mo ti bẹ̀rẹ̀ á sì di òfo. Mo ní kò burú, kí ó di òfo. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ni, bó ti wù kó rí. Ó fún mi ní omi nínú ife bébà. Mo mu ún. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe níbẹ̀.

Mo pe Táyọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ìwé yẹn. Tí ẹ bá lọ, ẹ ò ní lè padà wá."

Mo ní, "Padà wá síbo?"

Mo gbọ́ tó ń mí. Ọmọ dáadáa ni. Òun náà ń wá ibi tí yóò fẹsẹ̀ sí.

Mo pe Fúnmiláyọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n dúró dè mí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ó kọ́kọ́ kí mi. Nínú ẹkún, ó kí mi tán. Ó ní, "Bàbá, Màmá ti sọ. Ó ní a ò gbọdọ̀ gbé òun sínú yìnyín fún ọjọ́ kan. Ó ní òtútù tí ẹ̀gbọ́n òun wà nínú ẹ̀ ti tó fún ìdílé kan."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín, torí pé mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Fúnmi náà rẹ́rìn-ín, a sì jọ ń sunkún. Mo ní kí wọ́n ṣe é bó ṣe wí.

Mo sọ fún Màmá Hẹ́lẹ́nì pé àbúrò mi kú. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní ṣé ọmọ kékeré ni, nítorí lójú rẹ̀ ọ̀dọ́ ni èmi náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́bọ̀, Dáre kọ̀wé sí mi pé tó bá di ọ̀la, òun yóò gbé fóònù sókè láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì dé ẹ̀bá sàárè, kí n lè wò ó bó ṣe ń lọ. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára lápá ibẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Mo dá a lóhùn pé kó má ṣe é. Gbogbo ohun tí mo ti wò lórí fóònù yìí láti ọdún márùn-ún, mo ní ohun tí mo sọ nípa rẹ̀. Mo ní ó gùn jù, mo ní ó dùn, mo ní kò yẹ kí wọ́n ṣe é báyẹn. Mi ò fẹ́ wo èyí. Mo ní kó fi fóònù sápò, kó fi ọwọ́ méjèèjì bá mi gbé e.

Wọ́n sin Èsítà Bọ́sẹ̀dé Àdùkẹ́ ní Kàbà lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa. Dáre gbé e, Dèjì gbé e, Jákọ́bù gbé e. Ràmátù dúró lẹ́sẹ̀ sàárè láàárín àwọn Krìstẹ́nì títí wọ́n fi kó yẹ̀pẹ̀ tán. Èmi kò sí níbẹ̀.